Irin Tó Ń Gbé Bọ́ọ̀lù Mì

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Àbígbẹ̀yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Àwa tó wà nílé wà dáadáa, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ lẹ́ẹ̀mejì: ìkíni àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìbínú, ìkejì jẹ́ ti ìfẹ́.

Ó ti pẹ́ tá a ti rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo mọ̀ pé wàá ní o pè wá. Lóòótọ́ o pè, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé fèrè tí mo fun ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe rẹfirí ti ba etí mi jẹ́. Bó o bá sọ lórí fóònù pé "mo ti sùn," "mo ti ṣubú" ni mo máa ń gbọ́, àyà mi á já. Lẹ́tà ni mo fẹ́. Lẹ́tà kì í kánjú, mo sì lè kà á lákàtúnkà.

Ohun kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìròyìn ní ilé iṣẹ́ rédíò, ẹni tá à ń pè ní Gbohùngbohùn, bi mí pé iṣẹ́ wo ni ọmọ mi obìnrin ń ṣe lọ́hùn-ún. Mo ní iṣẹ́ núkílíà ni. Ó wò mí bíi pé mo gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara mi. Ó ní, "Bọ́ǹbù nìyẹn." Mo ní kì í ṣe bọ́ǹbù. Ó ní, "Kí ló wá jẹ́?" Ọmọ mi, ẹnu mi wọhò. Èmi tí mo ti fi káàdì pupa lé ọ̀gá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù jáde níwájú gbogbo èrò ìlú rẹ̀, mi ò rí ohun tí mo lè fọ̀.

Ìyá rẹ gbọ́ wa látinú yàrá. Látìgbà náà, bí mo bá ti dárúkọ iṣẹ́ rẹ, á ní òun ò fẹ́ gbọ́. Ó ní ohun tó bá lè bú gbàù kò yẹ lọ́wọ́ ọmọ òun.

Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi, bí ẹni ń bá ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù nìkan sọ̀rọ̀. Kí lò ń ṣe níbẹ̀ gan-an?

Èmi tí mò ń retí ìdáhùn,
Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kejì

Bàbá mi, ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Mo jẹ̀bi, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ló gbà mí lọ́kàn débi pé bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún mi àti tòsì kì í bára mu láwọn àárọ̀ mìíràn.

Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe bọ́ǹbù. A kì í ṣe nǹkan kan jáde níbi tí mo wà. Wíwọ̀n là ń wọ̀n.

Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká gbà pé orí pápá la wà. Nínú ẹ̀rọ núkílíà, yálà èyí tó ń pèsè iná fún ìlú ni o, tàbí èyí tó ń pèsè oògùn fún ilé ìwòsàn, àwọn èérún kan wà tí ojú ò lè rí. Nútírọ́ọ̀nù lorúkọ wọn. Wọ́n ń fò kiri bíi bọ́ọ̀lù. Bí ọ̀kan bá kan yuréníọ̀mù, tó jẹ́ igi ìdáná ibẹ̀, ooru á jáde, bọ́ọ̀lù mìíràn á sì tún jáde, bẹ́ẹ̀ leré á ṣe máa lọ. Irin tó nípọn ni wọ́n fi yí ibi ìdáná náà ká nínú àwọn ẹ̀rọ kan. Bí bọ́ọ̀lù bá kan irin yẹn, ó lè ta padà sínú pápá, bí ìgbà tó ba òpó ilé. Ó lè gba inú rẹ̀ kọjá. Irin sì lè gbé e mì, kó parí síbẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀lù tó kan irin, mélòó ló ta padà, mélòó ni irin gbé mì? Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wa. Ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ kì í lọ wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Inú àkójọ ńlá kan tí gbogbo ayé jọ ń lò ló ti ń mú un. Bí nọ́ńbà inú àkójọ bá yẹ̀, ìṣirò gbogbo ẹni tó lò ó á yẹ̀ tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ á bú o. Àwọn tó ń kọ́ ọ máa ń fi àyè sílẹ̀, bí aránṣọ ṣe ń fi àyè sílẹ̀ nínú aṣọ ọmọ tó ń dàgbà. Àmọ́ bí a ò bá mọ nọ́ńbà dáadáa, àyè náà á tóbi jù, ẹ̀rọ tí ìbá pèsè oògùn púpọ̀ á máa pèsè díẹ̀.

Báwo la ṣe ń wọ̀n ọ́n? Bí eré sísá ni. Páìpù gígùn kan jáde látinú ilé ńlá wa, ó gba òkè ibi ìgbọ́kọ̀sí kọjá, ó wọ ahéré kékeré tí èmi wà. À ń tú nútírọ́ọ̀nù sílẹ̀ pa pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ páìpù. Èyí tó yára á kọ́kọ́ dé, èyí tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé la fi ń mọ eré tó ń sá. A ó wá gbé irin sí ojú ọ̀nà wọn, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ wọn á sì sọ ohun tí ojú wọn rí.

Èyí tó kàn yìí ni mo ti ń kánjú dé láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, irin wa gbé bọ́ọ̀lù mì ju bí àkójọ ṣe sọ lọ. Mo tún un wọ̀n, bákan náà ni. Mo pààrọ̀ irin, bákan náà ni. Mo jáde sí ìgboro, mo ń rìn, mò ń rẹ́rìn-ín fún àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Kò tíì dá mi lójú o, a ò sì tíì sọ ọ́ síta, nítorí náà ẹ jẹ́ kó wà láàárín wa. Lóṣù tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ tó ń pinnu nọ́ńbà tó máa wọ inú àkójọ á jókòó, wọ́n sì ti fi mí sí ara àwọn tó máa sọ̀rọ̀.

Ọmọ yín tí inú rẹ̀ ń dùn.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta

Àbígbẹ̀yìn mi,

O kú iṣẹ́, o kú òógùn ojú. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo fò sókè débi pé orókún mi bá mi wí. Òpó ilé! Ó yé mi kedere. Gbogbo ayé ti ń ka iye bọ́ọ̀lù tó ba òpó, wọ́n kà á ṣì, ọmọ tèmi ló wá tún un kà.

Mo pa àṣírí rẹ mọ́ bó o ṣe wí. Gbohùngbohùn nìkan ni mo sọ fún, torí pé òun ló fi mí ṣẹ̀sín, mo sì fẹ́ kó mọ ẹni tí mo bí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ mo gbọ́ ọ lórí rédíò lánàá tó ń sọ pé ọmọ ìlú yìí kan ti tú àṣírí ńlá, pé nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ núkílíà káàkiri ayé, irọ́ ni, pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa. Ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, bó ṣe máa ń ṣe. Ohùn rẹ̀ sì dùn. Àwọn èèyàn ń bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú títì.

Mo rò pé kò sí láburú níbẹ̀. Ṣé kò sí?

Bàbá tó ń fi ọ́ yangàn.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Lẹ́tà yìí ò ní gùn.

Láburú wà níbẹ̀. Ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ Gbohùngbohùn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ibí, ó sì dé etí ọ̀gá mi kí lẹ́tà yín tó dé ọwọ́ mi. Ohun tí mi ò sọ fún yín ni pé ọ̀gá mi yìí, obìnrin tó mú mi wọ iṣẹ́, òun gan-an ló wọ̀n nọ́ńbà àtijọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.

Ó pè mí sínú ọ́fíìsì rẹ̀. Kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "O ní mo ṣàṣìṣe."

Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́ ni mo bá wí, mà. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórí rédíò."

Ó ní, "Bí mo bá ṣàṣìṣe, fi ibi tí mo ti ṣe é hàn mí. Pé nọ́ńbà méjì yàtọ̀ síra, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ ìwọ lo ṣì í."

Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ. Wọ́n ti yọ mí kúrò lára àwọn tó máa sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Nítòsí wa, wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ tuntun kan tó máa pèsè oògùn fún àwọn alárùn jẹjẹrẹ, irin ni wọ́n sì fi yí i ká. Àwọn tó ń kọ́ ọ ti pè láti bèèrè bóyá kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, nítorí ọ̀rọ̀ tí Gbohùngbohùn fi iyọ̀ sí.

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé mi ò bínú sí yín. Irọ́ nìyẹn máa jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ pẹ̀lú ìtìjú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ lórí pápá, mi ò kì í gba àwáwí lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà mi ò ní wá àwáwí. Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú.

O ní kí n má sọ nǹkan kan mọ́, mo sì tún sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n ṣàlàyé kó o tó fa lẹ́tà yìí ya. Mo lọ bá Gbohùngbohùn níbi iṣẹ́. Mo ní, "O sọ ohun tí mi ò sọ. Àtúnṣe ni mo fẹ́, láti ẹnu èmi fúnra mi." Ó ní àtúnṣe kì í dùn gbọ́. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo ní mi ò dìde.

Ni wọ́n bá mú mi wọ yàrá tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Tìmùtìmù ni wọ́n fi bo gbogbo ògiri ibẹ̀. Mo fẹ́ sún àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibì kan tí tìmùtìmù ti bọ́ lára ògiri, Gbohùngbohùn kígbe mọ́ mi: "Kúrò níbẹ̀! Ohùn rẹ á lọ bá ògiri, á tún padà wá, àwọn èèyàn á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì." Mo bá sún sáàárín yàrá.

Mo sọ fún gbogbo ìlú pé kò sí ẹ̀rọ tó máa bú. Mo ní ọmọ mi ń wọ̀n nǹkan ni, pé kò tíì dá a lójú, àti pé èmi ni mo ya ẹnu kí ọ̀rọ̀ tó jinná. Ọkùnrin kan pè wọlé, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń sọ pé ẹ parọ́ fún wa?" Mo ní, "Rárá o. Mo fun fèrè kí bọ́ọ̀lù tó wọlé ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí mo sábà máa ń ṣe náà nìyẹn.

Wọ́n ti gbé ohùn mi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ti àkọ́kọ́ wà. Fi han ọ̀gá rẹ bó bá máa ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí kò bá ní ràn ọ́ lọ́wọ́, fi sílẹ̀. Ṣáà fèsì.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló ń kọ èyí fúnra rẹ̀. O mọ̀ pé mi ò kì í kọ lẹ́tà, torí náà mọ̀ pé ọ̀ràn náà ti dé gongo.

Oṣù kan ti kọjá lórí lẹ́tà bàbá rẹ, o ò sì fèsì. A pè ọ́, o ní iṣẹ́ ń lọ, o gbé fóònù sílẹ̀. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́ bíi pé òun ni wọ́n fún ní káàdì pupa. Bí ẹni tó ń pín lẹ́tà bá kọjá, á bojú wo ibòmíràn kí n má bàa mọ̀ pé ó ń retí. Ọkùnrin yìí ṣẹ̀ ọ́, mo gbà. Mo ti bá a wí ju bí ìwọ ṣe lè bá a wí lọ. Ṣùgbọ́n bàbá kì í dúró pẹ́ níta kó má rẹ̀ ẹ́.

Èmi tí mo ní mi ò fẹ́ gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ gbọ́ báyìí. Kí ló dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ? Ṣé wọ́n lé ọ ni? Bí wọ́n bá lé ọ, wá sílé. Bí wọn ò bá lé ọ, jẹun.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún

Ìyá mi, bàbá mi,

Ẹ dákun, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Wọn ò lé mi. Mo sì ń jẹun. Ẹ jókòó ti ara yín kí ẹ tó máa kà á lọ, torí mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ tí ara mi á fi rọlẹ̀.

Bàbá mi, ìgbà tí lẹ́tà yín dé, inú ṣì ń bí mi. Mo kà á lórí ìdúró nínú ahéré mi, mo dé ibi tí Gbohùngbohùn ti kígbe mọ́ yín nítorí ògiri. Mo kà á kọjá. Mo tún padà sí i. Ohùn lọ bá ògiri, ó padà wá, wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé lẹ́tà yín sílẹ̀, mo wo ògiri ahéré mi.

Ahéré tèmi, igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì fẹ̀. Ibi tí ọ̀gá mi ti wọ̀n tirẹ̀ nígbà náà, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni, kọnkéré ló yí i ká. Bí nútírọ́ọ̀nù bá gba inú irin kọjá, tó lọ bá ògiri kọnkéré, tó wá ta padà sára ẹ̀rọ tó ń gbọ́ wọn ńkọ́? Ẹ̀rọ á kà á mọ́ àwọn tí irin ta padà. Á wá dà bíi pé irin ń ta bọ́ọ̀lù padà púpọ̀, ó sì ń gbé díẹ̀ mì.

Èyí kò ṣe é fẹnu sọ lásán. Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ní, "Ẹ bi mí pé níbo lẹ ti ṣàṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ ògiri yín." Ó ní, "Kọ́ ọ."

Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Mo yá búlọ́ọ̀kù kọnkéré, mo fi ọmọlanke tì í wọ inú ahéré, mò ń tò ó yí ẹ̀rọ mi ká bó ṣe rí ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ̀wé, ìyá mi. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá sọ ọ́, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì á burú ju àkọ́kọ́ lọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun tó yẹ kí n fi bàbá mi sẹ́nu ọ̀nà fún. Ẹ má bínú.

Lọ́jọ́ tá a fẹ́ wọ̀n ọ́n, ọ̀gá mi wá, ó dúró sẹ́yìn mi. Kò sí ògiri: nọ́ńbà tèmi ló jáde. A to ògiri: nọ́ńbà tirẹ̀ ló jáde, nọ́ńbà àtijọ́, bíi pé a jí i lójú oorun. Ó ní kí n tú ògiri náà ká. Mo tú u. Tèmi padà wá. Ó ní kí n tún un tò. Òun fúnra rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀, ó bá mi gbé búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ tún jáde, ó jókòó sórí èyí tó ṣẹ́ kù, eruku kọnkéré ti kùn ún lọ́wọ́ funfun. Ó ní, "Ọjọ́ pẹ́ tí ìṣirò àwọn èèyàn ò ti bá ohun tí ẹ̀rọ wọn ń ṣe mu. Wọ́n á ní èpò kan wà nínú àkójọ. Mi ò mọ̀ pé èmi ni mo gbìn ín." Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, a ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dákẹ́.

Òun ló kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n gbọ́ mi. Wọ́n gbọ́ mi. Wọ́n ní ẹ̀rí ògiri dára, ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà tó wọ àkójọ, kí ẹ̀rọ gidi kan jẹ́rìí sí i. Ẹ̀rọ tuntun tí mo sọ fún yín yẹn ni wọ́n máa lò. Wọ́n máa tanná sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé nútírọ́ọ̀nù mì. Bí wọ́n bá ń fà wọ́n sókè díẹ̀díẹ̀, ó níbi tí wọ́n máa dé tí eré á lè máa lọ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà àtijọ́ ní ibi báyìí ni. Tèmi ní ó ṣì kù díẹ̀ lókè. A ti fa ìlà méjèèjì sórí ìwé, a sì ti fọwọ́ sí i. Ibi tí ọ̀pá bá dúró sí ni òdodo.

Bàbá mi, ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹfà

Ẹ̀yin òbí mi,

Mi ò lè dúró kí ara mi balẹ̀ kí n tó kọ ọ́.

Yàrá tí wọ́n ti ń darí ẹ̀rọ náà ò tóbi. Ọkùnrin tó ń fa ọ̀pá jókòó, àwa yòókù dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń ró tíkí, tíkí, ó ń ka nútírọ́ọ̀nù. Ọkùnrin yìí á fa ọ̀pá díẹ̀, a ó gbọ́ kí tíkí náà yára, a ó dúró bóyá ó máa rọlẹ̀. Bó bá rọlẹ̀, eré ò tíì lè dá lọ. Á tún fà á.

A sún mọ́ ìlà àkọ́kọ́, ti ọ̀gá mi. Tíkí yára gan-an, ó ń ró bí òjò lórí páànù. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí, tirẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, mo ti da gbogbo ayé láàmú lórí asán. A dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó rọlẹ̀ pátápátá.

Ọ̀gá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ máa fà á lọ. Ó ti kọjá tèmi."

Wọ́n fà á, wọ́n dúró. Wọ́n tún fà á. Ó ku díẹ̀ kó dé ìlà tèmi, tíkí náà yára, kò sì rọlẹ̀ mọ́. Ó ń gòkè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀pá. Ọkùnrin náà yí ojú padà sí wa, ó ní, "Ó ti ń lọ fúnra rẹ̀." Kò bọ́ sórí ìlà mi gan-an o, ó bọ́ sí abẹ́ rẹ̀, nínú àyè tí mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún àṣìṣe mi. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju kó bọ́ sórí ìlà gan-an lọ.

Ìgbìmọ̀ ti gba nọ́ńbà tuntun. Inú àkójọ tó ń jáde lọ́dún yìí ló máa wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi irin yí iná ká, níbikíbi láyé, nọ́ńbà tá a wọ̀n nínú ahéré yẹn ló máa bá níbẹ̀. Àwọn tó ni ẹ̀rọ náà ní nísinsìnyí tí àwọn mọ àyè tó yẹ káwọn fi sílẹ̀, oògùn tó máa jáde níbẹ̀ á pọ̀ ju èyí tí wọ́n ṣèlérí fún ilé ìwòsàn lọ.

Mo lọ sí gbàgede, mo sunkún díẹ̀, mo jẹ búrẹ́dì. Ẹ lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wù yín báyìí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Keje

Àbígbẹ̀yìn mi, akin mi,

O kú oríire. A kí ọ̀gá rẹ gidigidi. Sọ fún un pé rẹfirí kan níbí ní òun ò rí agbábọ́ọ̀lù tó ké "ẹ máa fà á lọ" nígbà tí góòlù ń wọ ilé tirẹ̀ rí.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè. Ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó tún un kà fún ara rẹ̀, ó ń gbé ètè. Mo ní kí n máa lọ wá Gbohùngbohùn. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́.

Òun ló jáde. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ń bá aládùúgbò wa sọ̀rọ̀, obìnrin tó ń tún aago ṣe. Obìnrin yẹn ní ṣé nǹkan núkílíà yìí ò léwu. Ìyá rẹ ní, "Jẹ́ kí n là ọ́ lóye." Àbígbẹ̀yìn, ó gbé aṣọ tó fẹ́ sá kalẹ̀, ó mú bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé kejì, ó ń gbá a mọ́ ògiri. Ó ní, "Wò ó, èyí ta padà. Èyí kọjá. Èyí, irin gbé e mì. Ọmọ mi ló kà wọ́n." Ó ṣàlàyé yuréníọ̀mù. Ó ṣàlàyé ọ̀pá. Nígbà tó dé orí páìpù, ó ní ìwọ fúnra rẹ lo máa ń gba inú rẹ̀ sáré kọjá òkè ibi ìgbọ́kọ̀sí, pé ìdí nìyẹn tó o fi rù.

Mo ti wà lójú fèrèsé, mo ti la ẹnu láti tún un ṣe. Mo wo ojú rẹ̀. Mo pa ẹnu dé, mo jẹ́ kí eré máa lọ.

Bàbá rẹ.